Oyè Tí Kò Ní Owó Oṣù

Lọ́sẹ̀ yìí àwa ń fẹ́ kí ẹ bá wa dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a wo ẹgbẹ́ àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, nítorí a rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ níbẹ̀ tí ó kan olúkúlùkù ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tàbí òmíràn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1878, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí à ń pè ní Stanley Cotterell dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Harrogate fún àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ rin ìrìn àjò. Ní ọdún 1883 a yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Cyclists' Touring Club. Láti ọdún 2016 ni a sì ti ń pè é ní Cycling UK. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ yìí a máa yan aṣojú sí ìlú púpọ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá gun kẹ̀kẹ́ wọ ìlú tí kò dé rí, aṣojú yìí ni yóò sọ fún un ọ̀nà tí ó dára àti ilé tí ó lè sùn sí. Ìfẹ́ ni ó fi ń ṣe é, kì í ṣe owó.

Nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ìgbà náà, balógun ni í máa ń ṣíwájú, afunfèrè a sì máa fi fèrè sọ ìgbà tí a ó gùn àti ìgbà tí a ó sọ̀kalẹ̀. Fèrè ti dákẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tí ì tán. Títí di òní, aṣáájú ní láti yẹ ọ̀nà wò ṣáájú, kí ó ka iye àwọn tí ó jáde, kí ó sì dúró ní ìyànà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Ẹlòmíràn a máa kẹ́yìn, kí ẹni tí ó rẹ̀ tàbí ẹni tí táyà rẹ̀ jò má baà dá wà lójú ọ̀nà. Akọ̀wé wà, akápò wà, ẹni tí ń bójú tó ààbò àwọn ọmọdé sì wà pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún, nígbà tí alága bá béèrè pé, "Ta ni yóò ṣe akọ̀wé?" kẹ́kẹ́ a pa. Ẹnì kan a máa wo bàtà rẹ̀. Ẹlòmíràn a rántí pé a ń retí òun nílé. Nígbẹ̀yìn, ẹni tí ó ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́ ni a ó tún di ẹrù náà rù. Bí àìsàn bá wá dá a dúró, ẹgbẹ́ a fẹ́rẹ̀ẹ́ tú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó lè gun kẹ̀kẹ́ kò wọ́n.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ni gbogbo àwọn tí ń dákẹ́ wọ̀nyí. Ẹ̀rù ni ó ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn: wọ́n rò pé ẹni tí ó yára jù ni oyè tọ́ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó yára jù lè gbàgbé àwọn tí ó wà lẹ́yìn; ẹni tí ó ti kù sẹ́yìn rí ni yóò mọ bí a ti ń kó ẹgbẹ́ délé ní pípé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ má ṣe ké sí gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tọ ẹnì kan lọ, ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìwọ̀n iṣẹ́ náà fún un. Ẹ dá àkókò sí i, ọdún kan tàbí méjì. Ẹ fún un ní igbákejì, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ sì fi ìwé àti owó ẹgbẹ́ lé ẹni tuntun lọ́wọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́.

Ẹ̀yin tí ń kà wá ń kọ́? Ọdún mélòó ni ẹ ti ń jẹ nínú oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè nínú ẹgbẹ́ yín? Ènìyàn kan kì í jẹ́ "àwá dé." Bí a bá tún béèrè, ẹ má ṣe wo ilẹ̀ mọ́. Ẹ dìde, kí ẹ sì wí pé, "Èmi nìyí."