Aago Ọwọ́ Kì í Ṣe Báǹkì

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ra aago olówó gọbọi torí pé owó rẹ̀ kò ní í wálẹ̀ láéláé, ọjà ló ń tà fún yín, kì í ṣe ìmọ̀ràn ló ń gbà yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ ní Èkó, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé fún. Wọn kì í béèrè mọ́ bóyá aago kan dára. Èló ni àwọn yóò rí lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn bá fẹ́ tà á, òun ni wọ́n ń béèrè. Ìbéèrè burúkú ni, ó sì ń ba àwọn tó ń béèrè rẹ̀ lówó jẹ́.

Ẹ wo Rolex Daytona onírin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 116500LN. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, iye tí Rolex fúnra rẹ̀ kọ sí i ní Amẹ́ríkà kò tó 15,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n ta ló rí i rà ní iye yẹn? Ṣọ́ọ̀bù tí Rolex fún láṣẹ á kọ orúkọ yín sílẹ̀, á ní kí ẹ máa lọ ná, ẹ ó sì retí títí. Inú ìdúró yẹn ni àwọn alárọ̀bọ̀ ti rí jẹ: nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, aago kan náà ti ju 40,000 dọ́là lọ lọ́wọ́ wọn. Kí ọdún náà tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 30,000. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò yí padà, irin rẹ̀ kò dípẹtà. Owó bítíkọ́ìn ló fọ́, èlé orí owó yíyá ló lọ sókè ní Amẹ́ríkà, àwọn tí owó yá lọ́wọ́ sì kúrò lọ́jà. Ẹni tó san 40,000 pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fídíò kiri nígbà tí ọjà ń gòkè, ẹnu wọn wọlé. Ọwọ́ epo ni aráyé ń báni lá, wọn kì í báni lá ti ẹ̀jẹ̀.

Wọn yóò dárúkọ Paul Newman fún yín. Òótọ́ ni, Daytona tí òṣèré náà wọ̀ sọ́wọ́ fúnra rẹ̀ pa mílíọ̀nù 17.75 dọ́là ní gbàǹjo ní New York lọ́dún 2017. Wọn yóò tún dárúkọ Patek Philippe Nautilus 5711 tí ojú rẹ̀ ní àwọ̀ Tiffany, èyí tó pa mílíọ̀nù 6.5 dọ́là lóṣù kejìlá ọdún 2021, tí iye rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò ju nǹkan bí 52,000 lọ. Wọn kò ní í sọ pé 170 péré ni wọ́n ṣe irú rẹ̀, wọn kò sì ní í sọ pé iṣẹ́ àánú ni wọ́n fẹ́ fi owó gbàǹjo náà ṣe. Aago tí ẹ fẹ́ rà ní Victoria Island kò bá ìkankan nínú méjèèjì tan.

Àwíjàre tó le jù lọ́dọ̀ wa ni ti náírà, mo sì fẹ́ dá a lóhùn dáadáa. Lóṣù kẹfà ọdún 2023 tí báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 470 náírà, ó kọjá 700 láàárín oṣù kan náà. Gbogbo ẹni tó ní Rolex nílé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé aago òun ti mówó lé. Aago kọ́. Dọ́là ló gòkè. Ẹni tó fi dọ́là rẹ̀ sínú àkáǹtì jẹ irú èrè bẹ́ẹ̀ gan-an, olè kò sì ní í tìtorí rẹ̀ dá a dúró lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ tó bá nílò owó, kò ní í lọ bẹ alárọ̀bọ̀ kan tí yóò kọ́kọ́ wo gbogbo ibi tó ha lára aago náà, tí yóò béèrè páálí àti ìwé rẹ̀, kó tó wá dá iye tó kéré sí èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń tà á. Ẹ tún fi owó àtúnṣe kún un: òróró inú aago oníṣẹ́ ọwọ́ a máa gbẹ, ó di dandan kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, iṣẹ́ yẹn sì ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là.

Ká tiẹ̀ wá wo aago gẹ́gẹ́ bí aago. Rolex Submariner tí kò ní déètì ju 9,000 dọ́là lọ báyìí. Omega Seamaster Diver 300M tuntun wà ní àyíká 6,000, ti tòkunbọ̀ tó mọ́ sì máa ń kéré sí i gan-an. Méjèèjì ló lè wọ omi dé 300 mítà. Rolex borí níbi wákàtí tó lè fi ṣiṣẹ́ láìsí lọ́wọ́: 70 sí 55. Ó tún borí níbi pípé àkókò, nítorí ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ló gbà láàyè lójúmọ́. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìjọba Switzerland tó ń rí sí ìwọ̀n ló ń dán ti Omega wò, mágínẹ́ẹ̀tì 15,000 gauss kò sì gbọdọ̀ dá a dúró. Nínú ayé fóònù àti lásípíkà tí a wà yìí, nǹkan gidi nìyẹn. Rolex kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ lórí Submariner. Ẹ̀yìn Omega mọ́ gaara, ẹ ó rí ẹ̀rọ tí ẹ sanwó fún.

Tó bá sì jẹ́ pé pípé àkókò nìkan lẹ ń wá, ọ̀rọ̀ ti parí láti ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1969, tí Seiko gbé Astron, aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tó ń fi bátìrì àti òkúta quartz ka àkókò, jáde ní Tokyo. Casio F-91W tí gbogbo wa mọ̀, bó bá yẹ̀ púpọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni lóṣù. Ìṣẹ́jú àáyá méjì lójúmọ́ lè di odindi ìṣẹ́jú kan lóṣù. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là torí kó mọ aago tó lù. Iṣẹ́ ọwọ́ là ń sanwó fún, wáyà tín-ín-rín àti eyín irin tí èèyàn fi sùúrù tò. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, mo sì gbà pé ó yẹ lẹ́ni tó ń sanwó fún. Ìdí gan-an nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àwọn tó sọ ọ́ di ìwé ìpín okòwò.

Ìmọ̀ràn tèmi yàtọ̀ sí ti ọjà. Ẹ wá aago tí owó rẹ̀ ń wálẹ̀. Omega, Grand Seiko, ẹ rà wọ́n ní tòkunbọ̀ nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti ru àdánù rẹ̀ tán, kí ẹ sì máa wọ̀ wọ́n lọ síbi iṣẹ́, síbi ìnáwó, wọ inú òjò. Bí oníṣòwò bá tún sọ fún yín pé Rolex ti òun kò ní í wálẹ̀, ẹ ní kó kọ iye tí yóò fi rà á padà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ọdún méjì sórí rìsíìtì, kó sì fọwọ́ sí i.