TA NI YÓÒ DÁRÚKỌ ỌMỌ NÁÀ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí jìnnà sí ilé díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí tí wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ìṣègùn, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì ní yàrá ìwádìí ti ara wọn. Lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Àwọn ni ń jí lọ wo sẹ́ẹ̀lì inú àwo ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn ni ń tún àyẹ̀wò tí ó bàjẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ni ayé fi ń pe yàrá náà. Owó wọn mọ níwọ̀n, iṣẹ́ wọn sì ní ọjọ́ tí yóò dópin.

Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni a ṣe dá àwọn ẹ̀bùn ẹ̀yẹ kan sílẹ̀. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ ni ẹ̀bùn Blavatnik, tí ẹgbẹ́ New York Academy of Sciences bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó ní ọdún 2007 fún àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé ní ìpínlẹ̀ New York, New Jersey àti Connecticut. Apá mẹ́ta ni a pín in sí, ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú àwọn ìkéde àìpẹ́ yìí, 30,000 dọ́là ni ẹni tí ó ṣe ipò kìíní ní apá kọ̀ọ̀kan gbà, àwọn méjì tí ó tẹ̀lé e sì gba 10,000 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó náà kò kéré, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ ju owó lọ, nítorí àwọn tí ń wá olùkọ́ tuntun sí Yunifásítì a máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀dọ́ náà wà ni yóò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn àgbà ni yóò sì kọ̀wé jẹ́rìí sí i. Bí àgbà bá gbàgbé, ó parí.

Kò yẹ kí èyí ṣòro láti yé ọmọ Yorùbá. Àwa ni a ń wí pé, yinniyinni, kí ẹni ṣe òmíràn. Àwa náà ni a kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe yin ara rẹ̀, kí ó dúró títí a ó fi pè é. Ẹ̀kọ́ rere ni, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni dá a nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ní ìdajì kejì tí ọmọ kò lè dì sínú àpótí lọ sí òkè òkun, èyíinì ni àgbà tí ojú rẹ̀ ń wo ọmọ, tí yóò pè é láìjẹ́ pé ó tọrọ. Níbi tí irú àgbà bẹ́ẹ̀ kò sí, ìwà pẹ̀lẹ́ ọmọ náà gan-an ni a fi ń gbàgbé rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ rere kì í fara sin. Ní ọdún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn, tí ó sì ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ọmú ní Chicago, gba ẹ̀yẹ MacArthur. Kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́ nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ẹ̀yẹ náà fún ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni í dárúkọ ẹni, ní ìkọ̀kọ̀.

Bí àwọn àgbà ṣe ń fojú fo ẹlòmíràn kì í sì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1997, obìnrin méjì, Christine Wennerås àti Agnes Wold, ti Yunifásítì Gothenburg ní ilẹ̀ Sweden, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ní ọdún 1995, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ náà ní àyè 20 fún irú àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé tí a ń wí yìí. Ẹni 114 ni ó bèèrè, ọkùnrin 62, obìnrin 52. Ọkùnrin 16 àti obìnrin 4 ni ó rí i gbà. Ìgbìmọ̀ náà kò fẹ́ fi máàkì oníkálukú hàn, títí ilé ẹjọ́ fi dá a pé ìwé gbogbo ìlú ni. Nígbà tí àwọn obìnrin méjèèjì gbé iṣẹ́ oníkálukú sí ẹ̀gbẹ́ máàkì rẹ̀, wọ́n rí i pé iṣẹ́ obìnrin ní láti tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ti ọkùnrin kí a tó ka ìmọ̀ àwọn méjèèjì sí ọgbọọgba. Wọ́n tún rí i pé ẹni tí ó ní ojúlùmọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ń rí máàkì kún máàkì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúlùmọ̀ náà kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó ti Ṣàgámù tàbí Ọ̀fà lọ, ojúlùmọ̀ wo ni yóò ní níbẹ̀?

Ní ọdún 2003, Frances Trix àti Carolyn Psenka tún yẹ lẹ́tà ìjẹ́rìí tí ó lé ní 300 wò, tí a kọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà tí a kọ fún obìnrin kúrú ju ti ọkùnrin lọ, ọ̀rọ̀ iyèméjì sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo ka èyí, mo lọ tú àpótí ìwé mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ ìwé ẹ̀rí fún àwọn tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Mo rí ẹ̀dà méjì tí mo kọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin, mo kọ pé orí rẹ̀ pé, ó mọ ìṣirò, yóò sì di ẹni ńlá. Ti ọ̀dọ́mọbìnrin, mo kọ pé ó ní ìtẹríba, kì í pẹ́ lẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ a sì máa mọ́. Òun ni ó ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò ní ọdún náà; n kò kọ ọ́ síbẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ náà púpọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n fura nìyẹn.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó àti lẹ́yìn odi, ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọ̀dọ́ lábẹ́ yín. Kí ẹ tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sórí ìwé, títí kan èyí tí kì í bá yín rẹ́rìn-ín. Nínú lẹ́tà, ẹ sọ ohun tí ó ṣe: ìbéèrè wo ni ó gbé dìde, kí ni a gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀, kí ni ó rí. Bí ẹ kò bá ní ohun rere láti kọ, ẹ tètè sọ fún un, kí ó lè wá ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, kì í ṣe ìgbéraga láti tọ àgbà lọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ọjọ́ ti ń súnmọ́, iṣẹ́ tí mo ṣe nìyí.”

Ní ti ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn, mo ti kọ ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí i, ìṣirò ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé òun dúpẹ́, sà, ṣùgbọ́n àyè tí òun ń wá nígbà náà ti kún.