Kìnnìún Ifẹ̀, Alágbà Ògbómọ̀ṣọ́: Fọ́tò wo ló yẹ kó ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹranko tó kú?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 19, oṣù kejì, ọdún 2024, ni akọ kìnnìún inú ọgbà ẹranko Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, pa òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, níbi tí ọkùnrin náà ti ń fún un lóúnjẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa kìnnìún náà pẹ̀lú. Àwọn aláṣẹ fásitì ṣàlàyé pé inú ọgbà náà ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, òṣìṣẹ́ yìí kan náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀ láti kékeré. Ọ̀gá àgbà fásitì náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Bamire, pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ìwádìí.

Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀mí ẹranko wé ẹ̀mí èèyàn. Ẹkún ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ yẹ ní sísun. Síbẹ̀, fún àwọn ará Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ fásitì ń gbé, kìnnìún náà kì í ṣe àjèjì. Ẹni tó ti ya fọ́tò rẹ̀ rí wá ń ṣí fóònù wò, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó yẹ kóun fi ṣe.

Kí kámẹ́rà tó dé ilẹ̀ Yorùbá, oríkì ló ń ṣe iṣẹ́ fọ́tò. Ọdẹ tó fi ìbọn pa erin ni yóò tún fi ìjálá kì í, tí yóò sọ bí ó ṣe ga tó àti bí ó ṣe ń rìn, títí ẹni tí kò dé igbó rí yóò fi mọ irú ẹranko tó lọ. Orúkọ Modákẹ́kẹ́ gan-an jẹ́ àpẹẹrẹ. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ní wọ́n sọ pé igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tó tẹ́ ìtẹ́ sórí igi ńlá kan nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú náà lórúkọ, nígbà tí ogun lé àwọn ará Ọ̀yọ́ wá sí Ifẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ya àwọn ẹyẹ náà ní fọ́tò. Orúkọ ìlú ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Ohun tí oríkì ní tí ọ̀pọ̀ fọ́tò òde òní kò ní ni orúkọ, ìdílé àti ìgbà. Ọ̀rọ̀ Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, fi èyí hàn. Nígbà tó kú lọ́jọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 2019, ààfin kéde pé ẹni ọdún 344 ni, àti pé Ṣọ̀ún Ìkúmóyèdé, tó jọba láti 1770 sí 1797, ló mú un wọ ààfin. Fọ́tò rẹ̀ kárí ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa ẹranko kò gbà pé ìjàpá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Bí a bá ṣírò rẹ̀, 1675 ni wọ́n bí i, á sì ti pé ẹni ọdún 95 kí Ìkúmóyèdé tó gorí ìtẹ́. Àwọn fọ́tò tó kárí ayé náà kò lè yanjú àríyànjiyàn yìí, nítorí wọn kò ju ti ọjọ́ ogbó rẹ̀ lọ.

Ẹ fi èyí wé ti Jonathan, ìjàpá erékùṣù Saint Helena. Fọ́tò kan wà tí wọ́n yà láàárín 1882 sí 1886, tó fi hàn pé ó ti dàgbà tán nígbà náà. Ìyẹn ni wọ́n fi fojú bù ú pé nǹkan bí 1832 ni wọ́n bí i, tí ìwé Guinness fi kà á sí ìjàpá tó tíì pẹ́ láyé jù lọ ní 2022. Fọ́tò àtijọ́ náà wà lára ohun tó jẹ́rìí sí i.

Fọ́tò ọ̀fọ̀ mìíràn tó yẹ ní ṣíṣàkíyèsí ni ti Sudan, akọ àgbáńréré funfun ìhà àríwá tó gbẹ̀yìn láyé, tó kú ní Kenya lọ́jọ́ 19, oṣù kẹta, ọdún 2018. Ami Vitale ya òun àti òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, níbi tí onítọ̀hún ti gbé orí tì í kí ẹ̀mí tó bọ́. Ẹni tó rí fọ́tò yẹn kò nílò àlàyé kó tó mọ̀ pé ìran kan ń tán lọ.

Ti Ifẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Fọ́tò tó bá gbé ọkùnrin náà àti kìnnìún papọ̀ nígbà tí wọ́n wà láàyè lè fi ìfẹ́ hàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọ tí èèyàn fi oúnjẹ tọ́ ní í di ọmọ ilé. Kìnnìún tí èèyàn fi ẹran tọ́, kìnnìún náà ni. Kò tíì pé ọdún kan tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ l'Abẹ́òkúta, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024: kìnnìún pa olùtọ́jú rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa kìnnìún náà.

Nítorí náà, kí ẹni tó ní fọ́tò má kàn fi òkú ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù, nítorí ìwòran nìyẹn, kì í ṣe ọ̀fọ̀. Èyí tó yẹ ní títọ́jú ni fọ́tò ìgbà ayé, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, nítorí fóònù a máa bàjẹ́, a sì máa sọnù. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹranko náà, ibi tí wọ́n ti yà á, ọjọ́ tí wọ́n yà á, àti bí ó ṣe kú, sẹ́yìn rẹ̀. Kí ilé ẹ̀kọ́ gbà á sí ilé ìkàwé. Yorùbá ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Àwọn ọmọ tí wọn kò ní rí kìnnìún Ifẹ̀ mọ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ó wà, àti láti mọ ohun tí wíwà rẹ̀ ná olùtọ́jú rẹ̀.