Ta Ni "Wọ́n" Tó Fẹ́ Wó Họ́ọ̀lù Ìlú?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gba ẹ̀ka yìí kọjá, gbólóhùn kan ló ń lọ káàkiri lórí WhatsApp àwọn ọmọ ìlú mi láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn: "Wọ́n fẹ́ wó họ́ọ̀lù ìlú kí wọ́n kọ́ tuntun." Inú àwọn kan dùn, àwọn kan bínú. Èmi, ojú akẹ́kọ̀ọ́ gírámà ni mo fi kà á. Ta ni "wọ́n"?

Gbogbo wa la kọ́ ọ ní kíláàsì síńtáàsì pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni "wọ́n" ń tọ́ka sí àwọn ènìyàn kan pàtó. Tí a bá ní "Wọ́n jí ọkọ̀ rẹ̀," kò pọn dandan ká mọ olè náà, bóyá ẹnì kan péré sì ni. "Wọ́n" ń bá wa fi olùṣe pamọ́. Ìyẹn wúlò nínú ìròyìn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ilé tí gbogbo ìlú jọ ni, tí gbogbo ìlú sì máa dáwó fún, "wọ́n" tí kò lórúkọ léwu.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: mo fara mọ́ ọn pé ká kọ́ họ́ọ̀lù tuntun. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé kí "wọ́n" bá wa kọ́ ọ.

Họ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀ ti darúgbó. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lára. Ikán ti jẹ igi òrùlé. Asbestos ni sílíìnì rẹ̀. Tó bá sì ti fọ́, eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn kò lè gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan dì wọ́n mú. Ẹni tó ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí àṣà kò ro tiwọn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe "wó" fúnra rẹ̀. A lè sọ pé "Wọ́n wó họ́ọ̀lù," a sì lè sọ pé "Họ́ọ̀lù wó," bíi pé ilé náà ló dédé pinnu pé ó rẹ òun. Tí a bá ń jiyàn títí tí òjò ńlá kan fi dé, gbólóhùn kejì la máa sọ, kò sì ní sí olùṣe nínú rẹ̀. Àmọ́ àwa tí a kò tún un ṣe ni olùṣe.

Ilé àtijọ́ tí a bá ń tọ́jú máa ń pẹ́. Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ti wà láti 1929, Centenary Hall ní Aké, Abẹ́òkúta, láti 1930, wọ́n sì ń lò wọ́n títí dòní. Ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe Mápó. Kò sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ìtọ́jú ṣì lè ràn án lọ́wọ́. Ó tó àkókò láti kọ́ òmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti dí nìyí. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti ilé ìpàdé, "event centre" ni: gíláàsì láti òkè dé ilẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù, àti ibi tí ìyàwó àti ọkọ máa jókòó sí. Ilé tó dá lórí ẹ̀rọ amúlétutù dá lórí jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, gbogbo wa la sì mọ ohun tí owó epo ti dà láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹtiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023. Lọ́jọ́ tí epo bá tán, ilé onígíláàsì máa gbóná ju ti alámọ̀ lọ. Ògiri tó nípọn àti fèrèsé tó kọjú síra kò béèrè epo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó kan ẹ̀ka tiwa jù ni ti èdè. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìlú mi, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí rédíò, Yorùbá àjùmọ̀lò ni. Nínú họ́ọ̀lù yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀ka-èdè wa lẹ́nu àgbà níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, fún iṣẹ́ pàtàkì: Ìyálọ́jà á dìde, á kí ọba, á pòwe, á sì sọ fún àwọn ìjòyè pé owó ìṣọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kún kò bójú mu. Tí ilé náà bá di ti òde àríyá, alága ìdúró àti DJ ló máa gba gbohùngbohùn. Ilé ìdáná àti oko ló máa kù fún ẹ̀ka-èdè wa. Èdè tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń fi í ṣe ìpinnu ti ń kú lọ nìyẹn.

Mo ti gbọ́ èsì wọn: tí a ò bá fi rẹ́ńtì, níbo la ti máa rí owó ìtọ́jú? Òótọ́ ni, àìsí owó ìtọ́jú ló sì pa èyí tó wà nílẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ ká máa fi rẹ́ńtì ní ọjọ́ Sátidé. Kí àwọn ọjọ́ yòókù jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọdẹ, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àwọn ọlọ́jà, àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dán eré wọn wò, láìgba kọ́bọ̀. Ní 1944, ọlọ́pàá ni Hubert Ogunde nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Ìlú tó bá ní ibi tí ọmọ rẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ ni irú rẹ̀ ń ti jáde. Kí a kọ òfin ọjọ́ yìí sílẹ̀ kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, torí lẹ́yìn ìṣílé, ẹnu aláṣẹ nìkan lòfin máa kù sí.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́, kí a má wó ti àtijọ́ kí tuntun tó ní òrùlé. Ìpìlẹ̀ tí koríko ti bò pọ̀ káàkiri ìlú wa, ìpàdé ò sì ṣeé ṣe lórí ìpìlẹ̀. Èkejì, kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí a wọn ọ́n, kí a sì ka orúkọ tó wà lára ògiri sílẹ̀. Ilojo Bar, ilé aláràbarà Bùràsíìlì ní Tinubu Square l'Ékòó, wà láti 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Lónìí, fọ́tò ló kù.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ yín, kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ béèrè: àwọn wo ló ń fọwọ́ sí àkáǹtì? Obìnrin mélòó ló wà nínú ìgbìmọ̀? Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni ìlú máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ mú fóònù àti ìwé dání tí ẹ bá lọ sílé fún họ́lídè, kí ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ nínú ìpàdé pẹ̀lú àṣẹ wọn. Tí ẹ bá sì fẹ́ fèsì lórí WhatsApp yín, ẹ yí arọ́pò-orúkọ náà padà: "A fẹ́ kọ́ họ́ọ̀lù." Ẹ máa rí i pé ẹnì kan máa béèrè lójú ẹsẹ̀ pé ta ni "a." Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀.