Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ò tó o

Iṣẹ́ ìwádìí mi ò jẹ́ kí n ráyè, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ takisí láti Sharjah lọ sí Dubai. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró ní Al Ittihad Road bí ìṣe rẹ̀, ni rédíò bá gbé "Cocaine" ti Eric Clapton sí i. Dẹ́rẹ́bà ń mi orí, èmi náà ń mi orí.

J.J. Cale ló ni orin yẹn, ní 1976. Clapton tún un kọ ní 1977, tiẹ̀ ló wá gbòde. Clapton ní orin tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu kokéènì ni, pé ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ máa rí i. Ta ló wá fara balẹ̀? Gìtá ń dùn, èrò ń pariwo orúkọ oògùn. Clapton fúnra rẹ̀ ti jìyà lọ́wọ́ heroin àti ọtí. Nígbà tó jáwọ́, ó pa orin náà tì fúngbà díẹ̀. Nígbà tó padà sí i, ó fi ọ̀rọ̀ kún un láti pe kokéènì ní ohun ìdọ̀tí. Ó rí i pé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ò dé etí ẹnikẹ́ni.

Àwa náà ní tiwa. Ní 2018, Olamide gbé "Science Student" jáde. Ó ní òun ò polówó oògùn, síbẹ̀ NBC ní wọn ò gbọdọ̀ gbé e sáfẹ́fẹ́. Mo gbà á gbọ́ o. Àmọ́ shaku shaku là ń jó sí i, ta ló ń ronú?

Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ní ti oògùn, mi ò gbà mọ́. Àbúrò mi kan tó ń bọ̀ níbí bi mí bóyá kí òun kó tramadol tí òun ń lò fún ẹ̀yìn ríro dání. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé Dubai kì í ṣe Mushin." Mo rò pé mo ti kìlọ̀. Òun rò pé mo ń ṣàwàdà ni. Ìyá rẹ̀ ló bá káàdì mẹ́ta nínú báàgì rẹ̀ nígbà tó ku ọ̀la kó wọ bàálù. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá! Orin Clapton ni èmi náà kọ fún un.

Torí náà, odindi ọ̀rọ̀ rè é: tramadol àti codeine wà lára oògùn tí òfin UAE ń ṣọ́. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ gba ìyọ̀ǹda ìjọba wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì mú ìwé dókítà dání. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ ò tú wò. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbí, "mi ò mọ̀" ò sì ní gbà yín.

Ẹ ní ẹni tó ń bọ̀? Ẹ pè é lónìí. Ẹ má fẹ̀fẹ̀ sọ ọ́, ẹ má pa á lówe.