Ta Ni Sàró Gan-an?

Láti ìgbà tí fíìmù Aníkúlápó, iṣẹ́ Kúnlé Afọláyan, ti jáde lórí Netflix ní ọdún 2022, tí eré alápá púpọ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2024, ni àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀tà àti Sàngó ti ń jiyàn lórí Sàró, ahunṣọ tí ẹyẹ Àkàlà jí dìde. Àwọn kan ní àbíkú ni. Àwọn mìíràn ní irúnmọlẹ̀ tó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ ni. Ní tiwa, a gbà pé Ìjàpá ni.

Ọwọ́ òfo ni Sàró fi wọ Ọ̀yọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Arólákẹ́ ni àdó àjíǹde fi dé ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ayé yẹ ẹ́ tán, ó gbàgbé olóore rẹ̀, ó sì ní àfi kí ọba fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún òun kí òun tó jí ọmọ ọba tó kú. Nígbà tó dé ìdí òkú, agbára ti bọ́. Ojúkòkòrò tí í sọ Ìjàpá di ẹni ẹ̀sín nínú àlọ́ náà nìyẹn. Aṣọ nìkan ló pààrọ̀.

Àwọn òbí kan ní ọ̀rọ̀ òrìṣà ni irú eré bẹ́ẹ̀, kí ọmọ onígbàgbọ́ má dá sí i. Ìbẹ̀rù wọn yé wa, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Nígbà tí Dáfídì ṣẹ̀, ìtàn ni Wòlíì Nátánì kọ́kọ́ sọ fún un, nípa ọlọ́rọ̀ tó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Dáfídì ti bínú sí ọlọ́rọ̀ náà kó tó mọ̀ pé òun fúnra òun ni.

Ibẹ̀ ló yẹ kí àríyànjiyàn àwọn ọmọ wa já sí. Ẹ̀yin òbí, a mọ̀ pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kì í jẹ́ kí ẹ tètè wọlé. Síbẹ̀, ẹ pa àlọ́ Ìjàpá kan fún ọmọ yín kó tó sùn. Ọmọ tí a kò pa àlọ́ fún kò ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn eré tó ń wò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ náà kàn wá pẹ̀lú. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi àdó kan lé wa lọ́wọ́: ìmọ̀ àti ìwà. Owó tí àwọn òbí wa san kò tó iye rẹ̀. Ní àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí a wá àwọn olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìntì lọ, kí a sì san owó ìwé fún ọmọ aláìní kan. Ẹni tó bá jẹ nínú oore tí kò bojú wẹ̀yìn, kí ó má wá Sàró lọ sójú amóhùnmáwòrán mọ́.