Ẹ Wo Sọ́kẹ́ẹ̀tì Kí Ẹ Tó Wo Iná
Ó máa ń dùn mí bí ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbá géèmù, tó tún fẹ́ máa ṣe àtòpọ̀ fídíò, bá ń tìtorí iná aláràbarà ra mọ́dábọ́ọ̀dù. Iná yẹn kò ṣe iṣẹ́ kankan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó sí, ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹni tó ra bọ́ọ̀dù B450 ti AMD ní 2018 rí prósẹ́sọ̀ Ryzen 5000, tó jáde ní 2020, fi sórí bọ́ọ̀dù kan náà lẹ́yìn àtúnṣe BIOS. Ní ti Intel, sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA1700 tó dé ní 2021 ti fàyè sílẹ̀ fún LGA1851 ní 2024. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ AM5, sọ́kẹ́ẹ̀tì AMD, bó tilẹ̀ jẹ́ pé RAM DDR5 nìkan ló ń gbà. Ẹ wá wo VRM dáadáa, ìyẹn apá tó ń díwọ̀n iná fún prósẹ́sọ̀. Bí fídíò gígùn bá ń jáde, gbogbo agbára prósẹ́sọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Bí VRM bá gbóná jù, ìyára prósẹ́sọ̀ á wálẹ̀. Ihò M.2 tí a ń fi SSD sí kò gbọdọ̀ dín ní méjì: ọ̀kan fún Windows àti géèmù, èkejì fún fídíò. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi kún ti káàdì gíráfíìsì.